Palẹ̀ Ilé Rẹ Mọ́

Bíbélì kíkà: Àwọn Ọba Kejì 20:1-19, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 9:36-42

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè má dùn létí àwọn kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ dá a lábàá láàárín àwa olóyè ẹgbẹ́, ẹnì kan nínú wa gbé ọwọ́ lórí, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹnu yín pe ikú o." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ohun tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó sọ jáde.

Ọba kan ń ṣàìsàn. Hesekáyà ni orúkọ rẹ̀, ènìyàn rere ni pẹ̀lú. Wòlíì Aísáyà wọlé tọ̀ ọ́, ó sọ fún un pé kí ó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́, nítorí kíkú ni yóò kú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa lò níbẹ̀. Wọn kò wá ọ̀rọ̀ ńlá kan kiri. Ọ̀rọ̀ tí ìyá máa ń sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé nígbà tí àlejò ń bọ̀ ni wọ́n lò. Kí a gbálẹ̀, kí a ká aṣọ, kí a kó abọ́ sí àyè rẹ̀, kí a sì gbé èyí tí ó yẹ kí a dà nù lọ sí ààtàn.

Hesekáyà yí ojú sí ògiri, ó sọkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a máa ń wàásù dé. A máa ń fi ṣe àdúrà àfikún ọdún fún àwọn aláìsàn wa, inú wa a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n a kì í sábà ka orí náà dópin. Kí ni ọba fi ọdún 15 náà ṣe? Bíbélì kò sọ fún wa níbì kankan pé ó palẹ̀ ilé mọ́. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn ońṣẹ́ wá láti Bábílónì láti kí i kú ewu àìsàn, ọba sì ṣí gbogbo ilé ìṣúra rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: fàdákà àti wúrà, tùràrí àti òróró iyebíye, gbogbo ohun ìjà. Kò sí yàrá kan tí kò mú wọn wọ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Aísáyà padà wá, ó bi í léèrè ohun tí wọ́n rí nínú ilé rẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rí. Wòlíì sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ náà ni a ó kó lọ sí Bábílónì, àti nínú àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni ìdáhùn ọba. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé àlàáfíà yóò ṣáà wà ní ìgbà ayé tòun.

Mánásè ọmọ rẹ̀ gun orí ìtẹ́ ní ọmọ ọdún 12. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé inú àfikún ọdún náà ni a bí i. Gbogbo ibi gíga tí bàbá rẹ̀ wó lulẹ̀ ni ó tún kọ́. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Hesekáyà palẹ̀ mọ́ fún àlejò, kò palẹ̀ mọ́ fún àrólé.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Jerúsálẹ́mù, kí a wọ inú yàrá ara wa. Ìbáà ṣe Ìgbayè níhìn-ín, ìbáà ṣe Òkukù, Ìnísà tàbí Ìkìrun, yàrá ìyá àgbà kò yàtọ̀ síra.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa sùn nínú Olúwa. A kò ní dárúkọ wọn. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Ìlọrin, méjì ní ìlú òyìnbó. Nígbà tí ìsìnkú parí, àwọn ọmọ kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì bẹ àwa ẹgbẹ́ pé kí a bá àwọn palẹ̀ yàrá ìyá mọ́. Àwa márùn-ún ni a lọ. A rò pé kí oòrùn tó kan àtàrí, a ó ti ṣe tán. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbà.

Àpótí mẹ́fà ni a bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, báàgì Ghana-must-go sì jẹ́ mọ́kànlá. Abọ́ pánú wà níbẹ̀ tí a kò tíì bọ́ ìwé kúrò lára rẹ̀. Kúlà wà nínú páálí láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ike tí a gbà ní òde ìsìnkú pọ̀ débi pé orúkọ àwọn òkú tí a kọ sí wọn lára tó ṣe ìwé orúkọ kíláàsì méjì. Aṣọ ẹgbẹ́ tí a kà jẹ́ mẹ́rìndínlógún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwa gan-an ni a sì mú wọn rà á, ọdún dé ọdún. A wo ojú ara wa, a kò sọ nǹkan kan. (Ẹ má tíì bi wá léèrè yàrá tí ó wà lẹ́yìn pẹpẹ, tí àga kíkán wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí a kò mọ̀. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Nígbà tí a ṣí àpótí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, eruku ni ó jáde. Ikán ti gba inú ilẹ̀ wọ inú rẹ̀. Léèsì tí ìyá wa kò wọ̀ rárá, bí a ti fi ọwọ́ kàn án ni ó rún sí wa lọ́wọ́. Ọmọbìnrin wọn tí ó wá láti Èkó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo ra èyí fún Màámi." Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò wọ̀ ọ́, èsì wọn ni pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de òde tí ó bá tó o.

Aṣọ òkè sányán kan wà tí kòkòrò kò dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aṣọ mọ̀ pé sányán gidi, èyí tí a fi òwú kòkòrò inú igbó hun, máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ni ín lọ. Ìdí sányán yìí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí obìnrin ní ìyá ti sọ pé tòun ni, àbíkẹ́yìn náà ní òun ni wọ́n fún. A mọ̀ pé kò sí èyí tí ó ń purọ́ nínú wọn. Ìyá sọ fún ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n sì tún sọ fún àbúrò nígbà tí ó ń tọ́jú wọn lórí àìsàn. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sí ẹlẹ́rìí. Títí di ìsinsìnyí, àwọn ọmọ ìyá méjèèjì kì í jọ wá sílé ọdún pọ̀. Sányán náà wà nílé olórí ẹbí, ẹnì kankan kò wọ̀ ọ́.

Èyí tí ó dùn wá jù ni agolo bísíkíìtì. Ìyá wa ni àwọn obìnrin máa ń dá àjọ sí lọ́wọ́ ní ìdí àtẹ, wọ́n sì jẹ́ olóòótọ́ débi pé kò sí ẹni tí ó ń ka owó tẹ̀lé wọn. Owó wà nínú agolo náà, ìwé kékeré kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí wọn kò mọ̀wé, ìlà ni wọ́n ń fà: ìlà márùn-ún, ìlà méje, ìlà mẹ́ta. Èyí tí ó jẹ́ ti aláta àti èyí tí ó jẹ́ ti elépo, inú orí wọn nìkan ni ó wà. Nígbà tí àwọn obìnrin náà wá béèrè owó wọn, àwọn ọmọ tí kò mọ̀ wọ́n rí rò pé ẹlẹ́tàn ni wọ́n. Àwa ni a dúró ṣe ẹlẹ́rìí kí wọ́n tó san án, ẹnì kan nínú wọn sì ń sọ títí di òní pé owó òun kò pé. Ìyá tí kò jẹ gbèsè rí, gbèsè ni a fi rántí wọn lọ́jà.

A kò sọ èyí láti fi ìyá wa ṣe ẹlẹ́yà. Wọn kì í ṣe olójúkòkòrò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ti rí ìgbà tí kò sí. Ẹni tí ó ti fi ìró kan ṣoṣo lọ ọjà, tí ó tún fi òun náà lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, kò rọrùn fún un láti fi ìró tọrẹ. Ohun tí a ń kó pamọ́ kì í ṣe aṣọ nìkan, ẹ̀rù ọjọ́ ìṣẹ́ ni a dì mọ́ ọn. Ẹ̀rù kejì ni ti ikú, pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan, ikú yóò rò pé a ń pe òun. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Hesekáyà tí a sọ fún lójúkojú kì bá tún ti lo ọdún 15.

Ọmọ ẹnì kan nínú wa tí ó wà ní London sọ fún wa pé obìnrin ará Sweden kan, Margareta Magnusson, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2017, ìwé náà sì lọ káàkiri ayé. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan, döstädning, tí wọ́n fi ikú àti pípalẹ̀mọ́ so pọ̀ di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. A ní kí ó kí wọn, kí ó sì sọ fún wọn pé Aísáyà ti ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan wà nínú ìwé obìnrin náà tí ó wúlò: kí a má fi àwòrán àti lẹ́tà bẹ̀rẹ̀, nítorí bí a bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìrántí ni a ó jókòó tì. Aṣọ àti abọ́ ni kí a kọ́kọ́ mú.

Àwọn kan yóò ní kí ni ó kàn wá, pé àṣà yóò bá àwọn ọmọ pín in. Ẹ jẹ́ kí a wo àṣà náà. Bí ọkùnrin tí ó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ìdí-igi ni a fi ń pín ogún rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá: iye ìyàwó tí ó bímọ fún un ni iye ọ̀nà tí a ó pín in sí, bí ọ̀kan tilẹ̀ bí ọmọ mẹ́fà tí èkejì sì bí ẹyọ kan. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń mú tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Bàbá kan, Suberu Dawodu, kú ní Èkó ní ọdún 1940, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni kí a fi pín ogún rẹ̀ ni ó di ẹjọ́, kò sì parí títí ó fi dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní London ní ọdún 1962. Wọ́n dá a pé ìdí-igi ni àṣà, pé orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ni ó yẹ. Ọdún 22 lẹ́yìn ikú bàbá ni èyí! Ọmọ tí a bí ní ọdún tí bàbá kú ti tó gbéyàwó kí ó tó mọ ìpín rẹ̀.

Ti àwa obìnrin yàtọ̀. Ohun tí obìnrin bá fi òógùn ojú rẹ̀ ní, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ni ín lẹ́yìn rẹ̀ nípa àṣà, ọkọ kì í bá wọn pín in. Bí kò bá bímọ, ó di ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni opó kò ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún ọkọ lábẹ́ àṣà, àwọn ilé ẹjọ́ wa sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ibi tí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ wà? Nítorí náà, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ fi owó àjọ rà, ẹ̀rọ ìlọta, fíríìjì tí ẹ fi ń ta omi tútù, ẹ wá rìsíìtì wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé tiyín ni. Bí ọkọ bá ṣíwájú, àwọn tí yóò wá ka ẹrù kò mọ èyí tí ó jẹ́ ti ta ni. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì márùn-ún kò dúró kí a pín ilẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn odò Jọ́dánì ni wọ́n ṣì wà tí wọ́n ti lọ bá Mósè.

Ìwé ìhágún kì í ṣe ti olówó nìkan. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1837, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó ṣe é yóò fi ọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà yóò sì fi ọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tí a fún ní nǹkan nínú ìwé náà kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe é, ìwé náà dúró, ṣùgbọ́n ohun tí a fún ẹni náà ti bọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni wọn ì bá kọ́kọ́ pè wá fi ọwọ́ sí i. Ilẹ̀ ẹbí kò sí lára ohun tí a lè fi ìwé ìhágún pín, ti ẹbí ni. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é lọ bá agbẹjọ́rò, kí ó má lọ bá akọ̀wé ìdí ọjà.

Ábúráhámù bàbá wa tilẹ̀ ṣe èyí tí ó rọrùn jù lọ. Kí ó tó kú, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó fún àwọn ọmọ àlè rẹ̀ ní ẹ̀bùn, ó sì rán wọn lọ kúrò lọ́dọ̀ Ísáákì. Nígbà tí Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì sì dé ibojì rẹ̀, ìsìnkú ni wọ́n jọ ṣe, a kò gbọ́ pé wọ́n jà.

Ẹ wá jẹ́ kí a lọ sí Jọ́pà. Dọ́kásì kú, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá òkè, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Pétérù. Nígbà tí Pétérù dé, àwọn opó yí i ká, wọ́n ń sọkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí Dọ́kásì rán hàn án. A ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí a lò nínú yàrá yẹn, ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀ ni a rí. Kò sí ẹni tí ó lọ ṣí àpótí Dọ́kásì. Ọwọ́ àwọn opó ni aṣọ náà ti wà. Bóyá ọrùn wọn gan-an ni ó wà, bí wọ́n ti dúró níbẹ̀. Kí ikú tó dé ni ó ti pín in, ẹrù rẹ̀ sì ni ó ń jẹ́rìí rẹ̀ nílé ẹlòmíràn.

Àwa tí à ń jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì náà ní àpẹẹrẹ lójúde wa. Ní ọdún 1776, àwọn agbowó-orí kọ̀wé sí John Wesley, wọ́n rò pé ẹni tí ó lókìkí báyìí kò lè ṣàì ní ohun èlò fàdákà nílé tí kò san owó lé lórí. Ó dá wọn lóhùn pé ṣíbí fàdákà méjì ni òun ní ní London, méjì ní Bristol, pé òun kò sì ní ra òmíràn níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ó yí òun ká kò rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1791, ní ẹni ọdún 87, ìwé ìhágún rẹ̀ wí pé kí àwọn tálákà ọkùnrin mẹ́fà gbé òun lọ sí ibojì, kí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní pọ́n-ùn kan. Ẹ tún rántí Pọ́ọ̀lù nínú túbú, tí ó mọ̀ pé ọjọ́ òun kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Tímótíù pé kí ó bá òun mú aṣọ òtútù òun wá, ó wà ní Tíróásì, lọ́wọ́ Kárípù, àti àwọn ìwé. Ọ̀kan mọ iye ṣíbí rẹ̀, èkejì mọ ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú wa, ta ni ó mọ iye ṣíbí tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀?

Lẹ́yìn tí a ti yàrá yẹn dé, ìyá mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ti lé ní 75 ọdún, ojú wọn sì ríran. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ohun tí ojú yín rí. Ẹ wá bá mi ṣe tèmi nígbà tí mo ṣì lè sọ pé èyí ti ta ni." A mú ìwé ọmọ iléèwé kan àti bírò lọ. Ọmọ ọmọ wọn tí ó ń gbé pẹ̀lú wọn fi fóònù ya ohun kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ó wà lókè òkun.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin wọn fi pè láti London, ẹkún ni ó fi bẹ̀rẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ ti fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni?" Ìyá dáhùn pé, "Èmi kò lọ síbì kan. Ògiri yàrá mi ni mo fẹ́ rí." Nígbà tí ẹ̀rín pa ọmọ náà tán, wọ́n bi í pé èwo ni ó fẹ́ nínú abọ́ tánganran méjìlá tí wọ́n ti ń tọ́jú dè é láti ìgbà tí ó ti wà ní iléèwé girama. Ọmọ ní kò sí. Kílò 23 ni báàgì òun gbọdọ̀ wọ̀n nínú ọkọ̀ òfuurufú, tánganran yóò sì fọ́. Ohun tí òun fẹ́ ni ìjábẹ̀ tí wọ́n fi ń ja ewédú. Inú kọ́kọ́ bí ìyá. Ìjábẹ̀ tí èéfín ti sọ di dúdú! Wọn kò tilẹ̀ kà á mọ́ ẹrù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì kọ ọ́: ìjábẹ̀ kan, ti London.

Wọ́n dá ẹrù ẹlẹ́rù padà. Ìkòkò kan wà tí wọ́n yá lọ́wọ́ aládùúgbò fún ìkómọ ọmọ tí ó ti ń lọ sí iléèwé nísinsìnyí. Abọ́ méjì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pe gbogbo àwọn tí ń dá àjọ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n san ti olúkúlùkù fún un lójú ẹnikejì rẹ̀, wọ́n sì fa iṣẹ́ náà lé obìnrin kékeré kan tí ó mọ̀wé lọ́wọ́.

Ní Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo ọmọ wálé, wọ́n tẹ́ aṣọ òkè àti iyùn sórí ẹní. Wọ́n fi àlàárì fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi iyùn fún àbúrò, lójú gbogbo wọn. A kò ní purọ́ fún yín, ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àbúrò ní àlàárì ni òun fẹ́. Ìyá jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán, wọ́n bá a wí, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí. Gbogbo wọn jọ jẹ iyán níbẹ̀.

Àpò kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn tí a fẹ́ ṣí. Wọ́n gba á lọ́wọ́ wa. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, ti ọmọ kan tí kò dúró. Wọ́n ní kí a má kọ ìyẹn sílẹ̀. A kò kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìkórè tí ó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin tí ó ń bá wa gbá ṣọ́ọ̀ṣì wọ léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ìyá wa fún un, tí bàbá ọmọ wọn kan rà ní ọdún tí wọ́n ṣe ìwúyè ilé. Ìyá wa rí i láti orí àga wọn. Wọ́n tẹ ẹni tí ó jókòó tì wọ́n létí, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ó yẹ ẹ́ jù mí lọ."

Wọ́n ṣì wà láàyè, a dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni wọ́n tún ránṣẹ́ pè wá pé ó ku àpótí kan lórí àjà, kí a mú àkàbà wá.